Ẹ Dá Ọkọ́ Padà Sọ́wọ́ Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, lọ́mọdé lágbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ máa wò níran mọ́. Àwọn àgbà wa ń ṣubú. Wọ́n ń ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n ń ṣubú lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń ṣubú lóru nígbà tí wọ́n bá dìde láti lọ tọ̀, tí iná ọba sì ti lọ. A ó sáré gbé wọn, a ó fi àdí pa wọ́n lára, a ó sì ní, "Màmá, ṣé ẹ rí i? A ti ní kí ẹ máa jókòó." Láti ọjọ́ náà lọ, ìjókòó á di oògùn tí a ń fún wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Oògùn yẹn ló ń ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Ohun tí mo sì ń pè yín sí lónìí kò le rárá: kí gbogbo ilé tí àgbà bá ń gbé ní ọgbà ẹ̀fọ́, ì báà ṣe àpò márùn-ún péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí àgbà ilé náà jẹ́ ọ̀gá ọgbà ọ̀hún, kí ó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, kí ó sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣubú kì í ṣe kékeré. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èèyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì ń pa jù. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ń bá a lọ, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ ará orílẹ̀-èdè tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí, irú tiwa yìí. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní 2003 láàárín àwọn tó ti pé 65 ọdún sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè nípa ìṣubú, ó lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún tó ní òun ti ṣubú láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ ka àwọn àgbà tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ pín wọn ní márùn-márùn, ẹ ó rí ohun tí mo ń wí.

Ẹni tó bá ti tọ́jú ìyá tí eegun ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka iye fún un. Ọ̀sẹ̀ á gun orí ọ̀sẹ̀ lórí ibùsùn. Ìdí á dá egbò. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún àyà. Owó iṣẹ́ abẹ á kó gbogbo ẹbí jọ sí ìpàdé. Ẹni tó ń fúnra rẹ̀ lọ sọ́jà lóṣù tó kọjá á di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ yàgbẹ́. Ẹni tí eegun rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́ pàápàá, ẹ̀rù á ti mú un pé òun á tún ṣubú. Ẹ̀rù yẹn á mú kó dín ìrìn kù, ìrìn tó dín kù á mú kí ẹsẹ̀ rọ sí i, ẹsẹ̀ tó rọ náà ni yóò sì tún gbé e ṣubú.

Kí ló dé tí ẹsẹ̀ àgbà fi ń yẹ̀? Ohun púpọ̀ ló ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí èèyàn tó lè dúró. Ojú ń wo ilẹ̀. Inú etí ń sọ fún ọpọlọ ibi tí orí tẹ̀ sí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ le tàbí ó rọ̀. Iṣan itan àti ti ọrùn ẹsẹ̀ á sì gba àṣẹ wéré, wọ́n á dá ara padà kó tó lọ sílẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ni gbogbo wọn ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí iṣan sì ń joro. Àmọ́ iṣan tí a kò lò a máa joro ju èyí tí à ń lò lọ, ì báà ṣe ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló ni ín. Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni ọgọ́rin ọdún tó bá padà sẹ́nu lílo iṣan rẹ̀, iṣan náà á tún lágbára sí i. Kò tíì pẹ́ jù fún ẹnikẹ́ni tó ṣì lè dìde dúró.

Ẹ wo bí bàbá yín ṣe ń dìde lórí àga tìmùtìmù. Wọ́n á kọ́kọ́ sún síwájú. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, wọ́n á gbé ìdí díẹ̀, ìdí á tún padà sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á di orúnkún mú, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá nàró. Wọ́n á dúró díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò lójú kan. Ibi tí ẹ ti rí i pé ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ yẹn, itan ti ń ṣaláìní agbára nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ wọn kò tún ní ìdí kankan láti dìde títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá wọn níbi tí wọ́n wà, níbo ni agbára náà yóò ti wá?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ. A ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, òótọ́ sì ni. Ìyẹn la ṣe ń bu omi fún wọn, tí à ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tí à ń sọ pé, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ti ṣiṣẹ́ yín parí." Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é, ẹ̀kọ́ ilé sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òwe yẹn ní kí ọmọ bọ́ òbí. Kò ní kí ọmọ gba ìrìn lẹ́sẹ̀ òbí. Ìyá tó fi ọgọ́ta ọdún ro oko, tó ru ẹrù lọ sí ọjà, tó lọ ata lórí ọlọ, tí a wá ní kó máa jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ilé ọmọ rẹ̀ ní Lẹ́kkí tàbí ní Bódìjà, a ti gba ohun tó ń dá a dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá a padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọgbà ni mo dárúkọ? Nítorí pé àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n. Kò sí agboolé àtijọ́ tí kò ní ẹ̀yìnkùlé, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò kì í hù lẹ́bàá ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, tí ewúro àti efinrin kì í wà nítòsí ààrò. Bí àgbà bá wọ inú ọgbà, ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òun ni yóò máa kọ́ ọmọ. Ẹ sì wo ohun tí ara ń ṣe níbẹ̀. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ó ń yí ọrùn wo ewé tí kòkòrò jẹ. Ó ń na ọwọ́ mú ilá tó wà lókè, ẹsẹ̀ kan á sì gba ìwúwo ara fún ìgbà díẹ̀. Ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn láti àpò dé àpò. Ó ń jókòó lórí àpótí, ó tún ń dìde. Irú iṣẹ́ tí itan àti ọrùn ẹsẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn.

N kò ní parọ́ fún yín pé ẹni tó bá ti gbin ẹ̀fọ́ kò ní ṣubú láé. Ohun tí ìwádìí fi múlẹ̀ ni eré ìdárayá tó ń kọ́ ara láti dúró gírí, tó sì ń mú iṣan le. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 108 jọ láti orílẹ̀-èdè 25, èèyàn 23,407 tó ti dàgbà ló kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé eré ìdárayá lápapọ̀ ń dín iye ìgbà tí àgbà ń ṣubú kù ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. WHO náà, nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní kí ẹni tó bá ti pé 65 ọdún máa ṣe é ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò máa rán ìyá àgbà létí ọjọ́ mẹ́ta náà? Bí a bá kọ́ ọ ní eré ìdárayá inú yàrá, ó lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì kó sú u. Ewédú tó ń rọ nítorí òùngbẹ kò ní jẹ́ kó sú u. Ọgbà ló ń pe àgbà jáde lójoojúmọ́, ẹnu ọgbà náà ni kó ti ṣe eré ìdárayá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí a ó ṣe ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí oòrùn ń dé láàárọ̀, tí kò jìnnà sí ilẹ̀kùn. Ẹ mú àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jáde, ẹ po ilẹ̀ dúdú ìdá méjì mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ìdá kan, kí ẹ fi kún un. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tí kò lè tẹ̀, ẹ to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kó dúró dáadáa, kí ẹ gbé àpò lé e, kí ẹnu àpò lè bá a ní ìbàdí. Bàsíà tó ti fọ́, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lẹ́nu, táyà ọkọ̀ àtijọ́, gbogbo wọn wúlò. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn tí yóò gba ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọ̀pá ìtìlẹ̀. Kí ọ̀nà náà tẹ́jú, kí òkúta má sí níbẹ̀, kí rọ́bà omi má dábùú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí, ẹ ri ọparun tàbí páìpù irin mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kó ga dé ìbàdí, kí àgbà lè máa dì í mú. Ẹ gbé àga kan tó le, tó ní ẹ̀yìn, síbẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri.

Ní ti ohun tí a ó gbìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó máa ń yá. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èso rẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà kó jọ sójú kan. Èso ewédú a máa lágídí: ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ tì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́ kíákíá, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín. Ewúro àti gbúre kò nílò èso. Ẹ gé ọ̀pá wọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ bomi rin ín. Efinrin kan ṣoṣo tó gbogbo ilé jẹ. Ilá á gba nǹkan bí oṣù méjì, ṣùgbọ́n kíká rẹ̀ láràárọ̀ ni yóò mú bàbá yín na ọwọ́, tí yóò sì mú wọn dúró pẹ́.

Kí àgbà tó bomi rin ọgbà, nǹkan mẹ́rin ni kó ṣe, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kó jókòó sórí àga yẹn, kó dìde láìfi ọwọ́ ti ibì kankan bó bá lè ṣe é, kó tún jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí dé ìgbà mẹ́wàá. Kó di igi ìdìmú mú, kó gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, kó rọra sọ wọ́n kalẹ̀, ìgbà mẹ́wàá. Kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì lórí ìlà kan náà, kó dúró bẹ́ẹ̀, kó ka ení dé ẹẹ́wàá, kó sì pààrọ̀ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó fẹ̀gbẹ́ rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń le sí i ni ọwọ́ tó di igi mú á máa fúyẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ dúró tì wọ́n.

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Kí àgbà má wọ sílípáàsì lọ sínú ọgbà. Bàtà tó bo gìgísẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, ni kó wọ̀. Kó má gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó kún. Kó máa fi kẹ́ẹ̀gì kékeré bu ú. Kó jáde ní kùtùkùtù tàbí nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, kó sì mu omi. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ilẹ̀ ń yọ̀, kó dúró dìgbà tí ilẹ̀ yóò gbẹ. Bó bá jí, kó jókòó sétí ibùsùn díẹ̀ kó tó dìde, torí ẹ̀jẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ lójijì lára ẹni tó bá fò dìde, òòyì á sì kọ́ ọ. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn oorun bá ń kọ́ ọ lóòyì, kó sọ fún dókítà. Kó má fúnra rẹ̀ dá a dúró. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù, ẹni tó ti ṣubú lọ́dún yìí, ẹni tí àyà ń dùn, kí ó rí dókítà tàbí oníṣẹ́ físíò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mú ìyá yín lọ yẹ ojú wò. Nínú ilé, ẹ ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò ní balùwẹ̀, ẹ ri irin ìdìmú mọ́ ògiri, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bá ìrọ̀rí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ó ti tán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè dúró kí ẹ tó lè di orí náà mú. Ọwọ́ yín ni àwọn ọmọ-ọmọ yín yóò ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ṣọkọ yòkòtò àti tẹ̀tẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ẹ kò ní tẹ́ o.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà nílé, ẹ jáwọ́ nínú gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ òbí yín. Ẹ bá wọn gbé èyí tó wúwo, kí ẹ fi èyí tó fúyẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston, tí ẹ ń kọ́ ilé fún àwọn òbí yín, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀ láti géètì dé ògiri ẹ̀yìn. Ẹ fi erùpẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Kí táìsì balùwẹ̀ wọn jẹ́ èyí tí kì í yọ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má béèrè oògùn nìkan; ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù lọ síbi àpò ẹ̀fọ́, kí wọ́n fi hàn yín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò, ẹ̀yin ìyálóde àti ìyálọ́jà, ẹ wá àyè kan tí àwọn àgbà tí kò ní ẹ̀yìnkùlé yóò ti máa pàdé, kí wọ́n jọ máa gbin nǹkan. Ẹ dí ihò gọ́tà ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà, ẹ sọ ọ́ lórí àga ìwàásù àti nínú kútúbà. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́dé wà lábẹ́ yín: kí àwọn nọ́ọ̀sì máa bi gbogbo àgbà tó bá wọlé pé, "Ṣé ẹ ti ṣubú lọ́dún yìí?", kí ẹ sì gba oníṣẹ́ físíò síṣẹ́. Ibùdó ìtọ́jú àgbà Chief Tony Anenih ti wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn láti 2012. Kí gómìnà kọ̀ọ̀kan dá irú rẹ̀ sílẹ̀ sí ìpínlẹ̀ rẹ̀. NIHORT, ilé ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975 fún ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso, wà ní Ìbàdàn kan náà; kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ bá wọn fún irúgbìn tó dáa àti fún àwọn tó lè kọ́ni.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún dídàgbà pẹ̀lú ìlera. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, tí à ń ṣe àjọ̀dún òmìnira ní Nàìjíríà, náà ni ọjọ́ àwọn àgbà ní gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ náà ṣe ọjọ́ ìkórè. Tẹ̀tẹ̀ tí a bá fọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, nígbà òjò àrọ̀kúrò, á ti tó já nígbà náà. Kí àwọn àgbà àdúgbò kọ̀ọ̀kan fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, kí wọ́n gbé ẹ̀fọ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn wá, kí a sè é, kí a jọ jẹ ẹ́.

Ẹ má dúró de oṣù kẹsàn-án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ẹ wá àpò méjì, ẹ wá ilẹ̀ dúdú, ẹ ra èso tẹ̀tẹ̀, kí ẹ lọ bá ìyá yín níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sọ fún wọn pé, "Màmá, iṣẹ́ wà fún yín níta." Bí wọ́n bá ní kí ẹ fà wọ́n dìde, ẹ ní kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan ná, kí ẹ sì dúró tì wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín, kí ẹ sọ fún òun náà.